Irorẹ́ Onífótò Tó Sàn Lásìkò Tí Kò Yẹ

Ẹ̀yin tí ẹ rò pé ẹ ti rí ẹni tó ń fọ́nnu, ẹ fìdí kalẹ̀. Ẹ kò tíì bá Bẹ́ńjámínì Onífótò pàdé ní Kábà. Ìgbà tí a ṣì wà lábẹ́ Kwara ni mò ń sọ o, tó jẹ́ pé bí ọ́fíìsì bá ní kí èèyàn lọ mú ìwé kékeré kan wá, Ìlọrin ni yóò forí lé. Ọkùnrin yìí kò lè sín kó má sọ fún yín pé irú sísín bẹ́ẹ̀, òun nìkan ló mọ̀ ọ́n sín. Bó bá ra iṣu lọ́jà, iṣu tirẹ̀ ló tóbi jù. Bí ẹ bá fi èyí tó tóbi ju tirẹ̀ lọ hàn án, á ní tirẹ̀ ló dùn jù.

Èmi tí mò ń ròyìn yìí, Aisáyà Télọ̀ ni mò ń jẹ́. Pákó lásán ló wà láàárín ṣọ́ọ̀bù mi àti tirẹ̀, nítorí náà kò sí ọ̀rọ̀ tó sọ tí n kò gbọ́. Bó bá ti pọ̀ jù, ń ṣe ni mo máa ń tẹ máṣíìnì mi kíkankíkan kí ariwo rẹ̀ lè bo ẹnu rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ ṣòkòtò ni mo ti rán kọjá ibi tó yẹ kí n dúró nítorí Bẹ́ńjámínì.

Ohun tó sì fi ń yangàn jù lọ ni ẹwà. Ẹwà! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi mí pé ẹwà wo. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, irorẹ́. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì, irorẹ́. Iwájú orí, àgbọ̀n, ẹ̀yìn ọrùn, irorẹ́ ni gbogbo rẹ̀. Kì í sì í ṣe irorẹ́ wẹ́wẹ́ tí àwọn ọmọge ń fi pọ́dà bò. Tirẹ̀ wú, ó pọ́n, ó kún fún ọyún, òmíràn sì le bíi kókó lábẹ́ awọ, tó jẹ́ pé bí kọ́là ẹ̀wù bá kàn án, á fò sókè. Ọjọ́ tó bá fá irùngbọ̀n, èèyàn á rò pé ó jà ni.

Ṣùgbọ́n nínú fótò ńkọ́? Háà! Ẹ ò rí nǹkan! Bẹ́ńjámínì ní pẹ́ńsù tín-ín-rín kan tó gbẹ́ ẹnu rẹ̀ títí ó fi ṣóńṣó. Kó tó tẹ fótò ẹnikẹ́ni, á gbé fíìmù náà síwájú ìmọ́lẹ̀, á máa fi pẹ́ńsù yìí kan gbogbo àmì tó wà lójú onítọ̀hún díẹ̀díẹ̀ títí wọn yóò fi parẹ́. Iṣẹ́ yìí mọ́ ọn lọ́wọ́, n kò níí purọ́ mọ́ ọn. Ó ya ara rẹ̀, ó fi odidi ọ̀sẹ̀ kan tún ojú ara rẹ̀ ṣe, ó tẹ̀ ẹ́ ní ńlá, ó sì gbé e kọ́ iwájú ṣọ́ọ̀bù. Ojú inú fótò náà dán bí ẹ̀yìn ṣíbí. Àwa tí a mọ̀ ọ́n máa ń kọjá níbẹ̀, a ó bú sẹ́rìn-ín, a ó máa lọ.

Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ló fa wàhálà. Ìyá kan, Màmá Rónkẹ́, ọmọ Ìsánlú tó ń gbé ní Kàdúná, ń ti Lọ́kọ́jà bọ̀ lọ́jọ́ kan, mọ́tò wọn sì dúró ní Kábà kí èrò lè jẹun. Ìyá yìí rí fótò náà, ó sì yà wọ inú ṣọ́ọ̀bù. Lásìkò náà, Bẹ́ńjámínì ti ki orí bọ abẹ́ aṣọ dúdú tó wà lẹ́yìn kámẹ́rà rẹ̀, ó ń ya ẹnì kan, ìdí rẹ̀ nìkan ló kọjú sí ẹnu ọ̀nà.

Màmá Rónkẹ́ kí i bí àwa ará ibẹ̀ ṣe ń kí ara wa, ó ní, "Okun o, onífótò! Ta ni arẹwà ọkùnrin tó wà níta yìí?"

Ohùn kan dáhùn láti abẹ́ aṣọ, "Èmi ni, Mà!"

"Ìwọ tí mò ń wo ìdí rẹ̀ yìí?"

"Èmi gan-an ni, Mà! Ẹ má bínú, n kò lè yọ orí báyìí, ẹni tí mò ń yà máa mira!"

"O ti níyàwó?"

"Rárá o, Mà!"

Ìyá náà ní òun ní ọmọ àbúrò kan ní Ìsánlú, Adédùntán lorúkọ rẹ̀, tíṣà ni, ó ní làákàyè, kò sì tíì rí ẹni tó wù ú. Ó ní kí Bẹ́ńjámínì fún òun ní fótò kékeré kan irú èyí tó wà níta. Bẹ́ńjámínì na ọwọ́ jáde lábẹ́ aṣọ, ó fọwọ́ wá inú àpótí, ó mú ọ̀kan, ó nà án sẹ́yìn. Kó tó yọ orí, mọ́tò ti fọn fèrè, ìyá ti lọ. Bí Màmá Rónkẹ́ ṣe gba Ìsánlú kọjá sí Kàdúná nìyẹn, kò sì rí nǹkan kan lára Bẹ́ńjámínì ju ìdí àti ọwọ́ lọ.

Kò pẹ́, awakọ̀ kan mú èsì wá láti Ìsánlú. Bàbá Adédùntán ní àwọn ti rí fótò, àwọn sì gbà kí ọmọkùnrin náà wá kí àwọn nígbà Ọdún Àjíǹde. Fótò Adédùntán wà pẹ̀lú èsì náà. Ẹ gbọ́ o, Bẹ́ńjámínì wo fótò yìí, ó sì dákẹ́. Ó dákẹ́! Títí ọjọ́ fi rọ̀, n kò gbọ́ ohùn rẹ̀. Mo kọ́kọ́ rò pé ibà ni. Ìgbà tó yá ló rọra wọlé tọ̀ mí wá, ó mú jígí lọ́wọ́.

Ó ní, "Aisáyà, ojú mi yìí ńkọ́?"

Mo ní, "Èwo nínú méjèèjì?"

Kò rẹ́rìn-ín. Ìfẹ́ ọmọ náà ti wọ̀ ọ́ lára lóòótọ́, ẹ̀rù sì ń bà á. Ní ọjọ́ kejì ó gba ọsibítù lọ.

N kò bá a dé ọ̀dọ̀ dókítà. Sístà Mónícà, nọ́ọ̀sì tó fún un ní oògùn, ló sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún mi lẹ́yìn náà. Ó ní dókítà wò ó, ó ní èyí ti kọjá ọṣẹ àti ìpara, láti inú ni wọ́n máa ti tọ́jú rẹ̀. Wọ́n kọ kápúsù fún un, èyí tó pupa lápá kan tó yẹ́lò lápá kejì.

Sístà ní, "Ọ̀gbẹ́ni, gbọ́ mi dáadáa. Gbé e mì láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, kí o tó jẹun. Omi ni kí o fi gbé e mì, omi tó pọ̀. Má fi mílíìkì sí i, mílíìkì kì í jẹ́ kó ṣiṣẹ́. Má máa dúró sínú oòrùn, nítorí oògùn yìí máa ń jẹ́ kí oòrùn jó èèyàn. Má sì tẹ irorẹ́ náà. Kí o wá ní sùúrù, torí oṣù mélòó kan ni yóò gbà."

Bẹ́ńjámínì ní, "Sístà, ara tèmi kì í ṣe irú ara tí ẹ mọ̀ yẹn. Ohun tó ń gba ẹlòmíràn lóṣù mélòó kan, ó máa ti parí lára mi kó tó di ọjọ́ Ìsinmi."

Nínú gbogbo ohun tí Sístà wí, ẹ bi mí pé èwo ló gbọ́. Ti oòrùn nìkan ló gbọ́, nítorí ó rí i pé òun lè fi ṣe fáàrí. Ó lọ yá agboòrùn olódòdó ìyàwó pásítọ̀, ó sì ń gbé e kiri nínú ọyẹ́, nígbà tí kò sí ìkùukùu kan lójú sánmà. Ìyá àgbà kan tó sá èlùbọ́ sórí àpáta rí i lókèèrè, ó pariwo pé òjò dé, ó sì sáré kó gbogbo èlùbọ́ rẹ̀ wọlé. Àwọn ará ilé rẹ̀ bá a kó o. Nígbà tí wọ́n mọ̀ pé Bẹ́ńjámínì ni, èébú tí wọ́n bú u, n kò lè kọ ọ́ síbí.

Ti kápúsù wá ńkọ́? Láràárọ̀, Bẹ́ńjámínì á gbé àga síwájú ṣọ́ọ̀bù, á po tíì sínú kọ́ọ̀bù ńlá, á da mílíìkì agolo sí i títí yóò fi funfun, nítorí ó fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń kọjá mọ̀ pé òun ń mu mílíìkì. Lẹ́yìn náà á gbé kápúsù sókè.

"Ẹ wò ó! Dókítà ló fún mi! Àwọ̀ méjì! Ẹ̀yin tí ẹ ń lo funfun, aláwọ̀ kan ni tiyín!"

Á jù ú sẹ́nu, á fi tíì olómílíìkì lé e. Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀, irorẹ́ kò mira. Bí èyí tó wà ní imú ṣe ń lọ sílẹ̀ ni òmíràn ń jáde ní etí.

Nígbà tí kò rí ìyàtọ̀, ó ṣe ohun tí gbogbo wa ń ṣe nígbà náà. Bí àdá bá gé wa lẹ́sẹ̀ lóko, ṣebí ń ṣe ni a máa ń tú kápúsù, tí a ó da ìyẹ̀fun inú rẹ̀ sójú egbò. Bẹ́ńjámínì tú tirẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó dà á sójú, ó fi àtẹ́lẹwọ́ rà á títí dé ọrùn. Ojú rẹ̀ yẹ́lò! Bẹ́ẹ̀ ló ṣe gbéra lọ ya fótò ìgbéyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì. Oòrùn mú un, òógùn dé, ìyẹ̀fun náà di ẹ̀kọ. Bó ti yọ orí jáde lábẹ́ aṣọ dúdú láti sọ fún ìyàwó pé kó rẹ́rìn-ín músẹ́, ìyá ìyàwó figbe ta.

"Ta ló da gàrí elépo sí onífótò lójú?"

Gbogbo ìjọ wó lulẹ̀ fún ẹ̀rín. Ìyàwó rẹ́rìn-ín títí omijé fi ba pọ́dà rẹ̀ jẹ́. Bẹ́ńjámínì dúró gbagidi, ó ní pọ́dà tuntun ni, wọn kò tíì máa tà á ní Kábà.

Inú bí i wàyí, ó sì gba ọsibítù lọ láti lọ bá Sístà Mónícà jà. Èmi tẹ̀ lé e lọ́jọ́ náà, n kò fẹ́ kí wọ́n ròyìn irú ìran bẹ́ẹ̀ fún mi. Èrò pọ̀ lórí bẹ́ǹṣì.

Ó ní, "Sístà, oògùn yín kò dára! Mo ti ń lò ó láti ìgbà ọyẹ́!"

Sístà wò ó. "Kí lo fi ń gbé e mì?"

"Tíì ni, Sístà. Tíì gidi. Kì í ṣe èyí tí wọ́n ń fi omi là. Mílíìkì ni mo máa ń..."

Kò tíì sọ ọ́ tán tí Sístà ti fọwọ́ bojú. "Hàbà! Kí ni mo sọ fún ọ nípa mílíìkì? Oògùn kankan kò tíì ṣiṣẹ́ nínú rẹ o! Mílíìkì lo ń mu láti ọjọ́ yìí, oògùn kàn ń bá ọ rìn kiri ni!"

Bàbá arúgbó kan tó jókòó ti ògiri gbé orí sókè. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ dákun, ẹ wo èmi náà dáadáa. Ó lè jẹ́ àìsàn tí wọ́n ń fi mílíìkì wò yẹn ló ń ṣe mí."

Ẹ̀rín sọ. Sístà kò rẹ́rìn-ín o, ó tún gbogbo ìlànà náà kà fún un, ó fún un ní oògùn mìíràn, ó ní kó bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú omi. Lọ́tẹ̀ yìí, ojú ti Bẹ́ńjámínì gidigidi, ó sì gbọ́. Omi tútù lásán ló fi ń gbé e mì láti ọjọ́ náà, nínú ilé, kò pe ẹnikẹ́ni wá wò ó.

Ṣùgbọ́n Ọdún Àjíǹde ti dé. Bàbá Adédùntán tún ránṣẹ́ pé ọ̀gá kan láti ìlú Ẹ̀gbẹ́ náà ti ń yọjú sí ọmọ òun, kí ẹni Kábà tètè wá. Kí ni ó kù? Bẹ́ńjámínì wẹ̀, ó wọ kóòtù, ó gbé kámẹ́rà rẹ̀ dání nítorí kò lè lọ síbi kankan láìṣe fáàrí, ó sì ní kí n bá òun lọ. Nínú mọ́tò, títí a fi dé Ìsánlú, kò sọ̀rọ̀ ju "Aisáyà, ṣé ó hàn púpọ̀?" lọ. Mo ní kò hàn púpọ̀. Kí ni ẹ fẹ́ kí n sọ?

A dé ilé wọn, a ní, "Okun o, ẹ kú ilé." Wọ́n ní, "Okun o, ẹ kú àbọ̀." Bàbá Adédùntán wò mí, ó wo Bẹ́ńjámínì, ó wá na ọrùn wo ẹnu ọ̀nà lẹ́yìn wa. Fótò náà ń bẹ lára ògiri, wọ́n ti fi férémù sí i.

Bàbá ní, "Ẹni tiwa dà? Ṣé ó ṣì ń sọ̀kalẹ̀ nínú mọ́tò ni?"

Kí Bẹ́ńjámínì tó la ẹnu, ìyá Adédùntán ti fọwọ́ lu itan, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ má bínú o, ẹ̀yin àlejò. Nígbà tí mo rí ọ̀kan yìí lẹ́nu ọ̀nà, àyà mi já! Mo ní, Olúwa, ṣàánú mi, kó má jẹ́ pé òun ni o!"

Bẹ́ńjámínì sáré dá a lóhùn. Ó ní, "Rárá o, Mà. Èmi... èmi ni onífótò tó yà á. Ó ní kí n wá ya Adédùntán wá fún òun." Bó ti ń sọ ọ́ ló ń fi bàtà tẹ ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi. Mo dákẹ́, kì í ṣe nítorí pé mo gbà, bí kò ṣe nítorí ìrora.

Adédùntán jáde. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ti rí: fótò rẹ̀ kò purọ́. Bẹ́ńjámínì yà á tán, wọ́n gbé iyán wá fún wa, lẹ́yìn rẹ̀ ọmọ náà gbé àga wá jókòó tì wá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó wo ojú Bẹ́ńjámínì, kò yínmú, kò yí ojú.

Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ó máa ń dùn yín?"

Láti ìgbà tí mo ti mọ Bẹ́ńjámínì, ẹnikẹ́ni kò bi í ní ìbéèrè yìí rí, èmi náà kò bi í. Wọ́n ti bi í bóyá ó ń ràn mọ́ni. Wọ́n ti bi í bóyá epa ló ń jẹ jù. Mo rí i tí ojú rẹ̀ rọ̀. Ó sì sọ òótọ́, mo fi Bíbélì búra. Ó ní ó ń dun òun bí òun bá fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé ìrọ̀rí. Ó ní nígbà mìíràn òun máa ń pẹ́ lábẹ́ aṣọ dúdú ju bí iṣẹ́ ṣe gbà lọ, nítorí pé níbẹ̀ ni ẹnikẹ́ni kì í ti í rí òun.

Adédùntán ní, "Ó ṣe mí rí, nígbà tí mo wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ẹ ṣáà ní sùúrù pẹ̀lú oògùn yín." Ó wá nawọ́ sí fótò ara ògiri. "Ẹni yìí, ẹ bá mi sọ òtítọ́ nípa rẹ̀. Bàbá mi fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n èmi, ojú rẹ̀ dán jù fún mi. Irú wọn, ara wọn nìkan ni wọ́n máa ń wò. Ọ̀rọ̀ tiyín yìí tù mí lára ju gbogbo dídán rẹ̀ lọ."

Ibẹ̀ gan-an ló yẹ kó ti sọ ọ́! Mo wúkọ́. Mo tún un wú. Mo wúkọ́ títí ìyá Adédùntán fi gbé omi wá fún mi. Ọ̀gbẹ́ni kò gbọ́. Ó ti tẹjú mọ́ fótò ara rẹ̀, ó ń wò ó pẹ̀lú ìríra. Ẹ gbà mí o, ọkùnrin yìí ń jowú ara rẹ̀!

Ó ní, "Tíṣà, ẹ má fẹ́ ẹ! Òpùrọ́ ni! Agbéraga ni! Bó bá jí láàárọ̀, kó tó kí ìyá rẹ̀, jígí ni yóò kọ́kọ́ kí. Bó bá sùn, bó ṣe ń hanrun, àwọn adìẹ kì í lè sùn. Títí di òní yìí, ó ṣì ń jí ẹran nínú ìkòkò ìyá rẹ̀!"

Ohun tó bà mí lẹ́rù jù ni pé gbogbo rẹ̀ ló jẹ́ òótọ́.

Bàbá Adédùntán ti ń gbọ́ ọ láti inú yàrá. Ó jáde, ó yí fótò náà padà, ó kọ ojú rẹ̀ sí ògiri. Ó wá jókòó, ó ní, "Onífótò, o ṣeun tí o kò fi ọmọ mi ṣòfò. Ìwọ náà ti gbéyàwó?" Bẹ́ńjámínì ní rárá. Bàbá wo ọmọ rẹ̀, ọmọ rẹ̀ wo ilẹ̀, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Bàbá ní, "Ó dára. Bí o bá ní nǹkan lọ́kàn, mú èèyàn rẹ kan wá nígbà tí iṣu tuntun bá jáde."

Ẹ̀yin ará mi, ẹ wá wo ayọ̀! Títí a fi dé Kábà ni Bẹ́ńjámínì ń kọrin. Ọmọ tó wù ú fẹ́ ẹ, pẹ̀lú irorẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú ọyún rẹ̀, pẹ̀lú gbogbo rẹ̀. Inú èmi náà dùn sí i. Mo ní kó jẹ́ kí n rán agbádá fún un.

Àfi bí oògùn ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́.

Ṣebí omi ló fi ń lò ó báyìí. Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, àwọn àgbẹ̀ kọ ebè, àgbàdo gbó. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ó wọlé tọ̀ mí wá, ó gbé ojú fún mi. "Aisáyà, wò mí dáadáa."

Mo wò ó. Kókó ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún ti rọ̀. Iwájú orí ti pẹlẹbẹ. Mo ní, "Bẹ́ńjámínì, ojú rẹ ń sàn o! A dúpẹ́!"

Ó figbe ta. "Yéè! Mo gbé! Ẹ gbà mí!" Àwọn aládùúgbò sáré wọlé, wọ́n ní kí ló ṣẹlẹ̀, ta ló kú? Ó ní, "Irorẹ́ mi ń lọ!" Wọ́n wo ara wọn, wọ́n wò mí, wọ́n sì bá tiwọn lọ.

Ẹ̀yin náà rí ohun tó ṣẹlẹ̀. Bí ojú rẹ̀ ṣe ń sàn tó ló ń dà bí ẹni inú fótò, òpùrọ́ tó fi ẹnu ara rẹ̀ bà jẹ́. Mo ní kó lọ sọ òtítọ́ fún wọn kó tó di pé iṣu tuntun jáde. Ó ní òtítọ́ kẹ̀, nígbà tí wọ́n ti kọ ojú òun sí ògiri! Ó sáré lọ bá Sístà Mónícà.

"Sístà, ẹ dákun, ẹ bá mi dá irorẹ́ mi padà."

Sístà ní, "Kí lo wí?"

"Kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ nìkan. Ẹ ò ní kápúsù tó ń mú un jáde ni?"

Sístà ní láti ìgbà tí òun ti ń ṣe nọ́ọ̀sì, òun kò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Ó ní kí ó lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, kó sì jáde fún aláìsàn tó kàn. Bẹ́ńjámínì dé ilé, ó ju kápúsù yòókù sí ṣáláńgá, ó tún padà sídìí mílíìkì, agolo lórí agolo, ó ń mu ún bí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí. Ó pẹ́ jù. Ojú ti sàn. Ohun tí mílíìkì kàn ṣe ni pé ó mú ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ sanra, tó wá dán gbinrin, àfi àpá díẹ̀ tó kù lẹ́bàá àgbọ̀n.

Ọjọ́ pé. Mo wọlé láàárọ̀ láti gbé agbádá fún un, mo bá a níwájú jígí. Ó ti po osùn mọ́ epo pupa, ó mú pẹ́ńsù tín-ín-rín rẹ̀ lọ́wọ́, èyí tó fi ń pa irorẹ́ gbogbo Kábà rẹ́, ó ń fi í to irorẹ́ sójú ara rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. N kò mọ̀ bóyá kí n sunkún ni tàbí kí n rẹ́rìn-ín, mo bá ṣe méjèèjì.

"Ó jọ ọ́, àbí kò jọ ọ́?"

Mo ní, "Ó jọ ọ́. Bẹ́ńjámínì, nu ojú rẹ, kí a lọ sọ òtítọ́."

"Lẹ́yìn ìgbéyàwó," ló fi dá mi lóhùn.

Èmi náà ni èèyàn tó mú lọ. Nígbà tí Bẹ́ńjámínì ń kun ojú, kò rò ti mọ́tò Ìsánlú. Wọ́n há wa mọ́ra, fèrèsé kò ṣí, apẹ̀rẹ̀ adìẹ wà lórí itan mi, ooru mú. Òógùn bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lójú Bẹ́ńjámínì. Irorẹ́ iwájú orí ṣàn wá sí imú, ti imú ṣàn lọ sí ètè, Bẹ́ńjámínì ń rọra fi páálí fẹ́ ojú, ó ń ṣọ́ ọwọ́ ara rẹ̀ kó má baà nù ún. Nígbà tí a fi máa sọ̀ kalẹ̀, ojú rẹ̀ ti pọ́n láti òkè délẹ̀.

Ìyá Adédùntán rí i láti ẹnu ọ̀nà. "Ẹ̀jẹ̀! Onífótò ń ṣẹ̀jẹ̀! Ẹ gbé omi wá!"

"Rárá, Mà! Kò ṣe nǹkan kan, Mà! Bó ṣe máa ń rí nìyẹn!"

Ta ló ń gbọ́? Ìyá náà ti mú un jókòó, ó ti fi apá kan di orí rẹ̀ mú mọ́ àyà gẹ́gẹ́ bí ìyá ṣe ń di ọmọ tí kò fẹ́ wẹ̀ mú, ó ń bu omi tútù sí i lójú, ó ń fi aṣọ nù ún jẹ́jẹ́. "Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Pẹ̀lẹ́. Ó máa ń dùn ọ́, Adédùntán ti sọ fún wa." Ó nù ún lẹ́ẹ̀kan, ó nù ún lẹ́ẹ̀kejì. Ọwọ́ rẹ̀ wá dúró. Ó wo aṣọ, ó wo ojú. Ó sún sẹ́yìn.

Adédùntán rìn lọ síbi ògiri, ó yí fótò náà padà, ó sì gbé e súnmọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ Bẹ́ńjámínì. Dídán wo dídán.

Ó ní, "Ẹ̀yin nìyí?"

"Èmi ni."

"Ẹ̀yin náà sì ni onífótò?"

Bẹ́ńjámínì kúnlẹ̀ pẹ̀lú agbádá tuntun tí mo rán. "Èmi náà ni, Tíṣà. Ẹ dákun. Mo fẹ́ràn yín tọkàntọkàn, ìyẹn kì í ṣe irọ́. Ohun tí mo sọ nípa ara mi lọ́jọ́sí ni irọ́."

"Èwo níbẹ̀? Ṣé pé òpùrọ́ ni yín ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni! Irọ́ ni mo pa pé mo jẹ́ òpùrọ́!" Ó gbọ́ ohun tó sọ, ẹnu rẹ̀ kò lè padé mọ́. Ó yíjú sí mi. "Aisáyà, bá mi sọ fún wọn! Ṣé mo máa ń hanrun?"

Mo wo òrùlé. Pákó lásán ló là wá láàárín, ẹ ti gbàgbé?

Omi lé ròrò sí ojú Adédùntán, ó sì dùn mí dénú. Ó ní, "Ẹni tó sọ fún mi pé ó ń dun òun lórí ìrọ̀rí ni mo ń retí. Òun ni mo sè oúnjẹ dè." Ó gbé fótò lé bàbá rẹ̀ lọ́wọ́, ó wọ yàrá, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Bẹ́ńjámínì ṣì wà lórí eékún. Bàbá Adédùntán wo fótò, ó wò ó pẹ́, ó sì mí kanlẹ̀. Ó wá kọjú sí mi, ó ní, "Bí ẹ bá délé, ẹ bá wa dúpẹ́ lọ́wọ́ onífótò yẹn gidigidi. Gbogbo ohun tó sọ fún wa nípa ọkùnrin yìí, kò fi ẹyọ kan purọ́."